Kọ̀ǹpútà Inú Yàrá Ìfẹ́olúwa

Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ni. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Awódélé ti rí i nínú òjò, obìnrin kan tó ń sáré bọ̀, tó tẹ̀ síwájú, tó fi ọwọ́ kan di ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ mú, tó sì ti fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀. Awódélé rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ni. Ó mú agboòrùn, ó sáré pàdé rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá! Ẹ gbé e bọ́ sí abẹ́ òrùlé!"

Obìnrin náà wọlé, ó tú ọ̀já. Kọ̀ǹpútà ni, àpótí dúdú kan tí igun rẹ̀ ti bó.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Awódélé, àmọ́ nígbà tó wo ojú obìnrin náà, ẹ̀rín ọ̀hún kú sí i lẹ́nu. Ojú ẹni tó ti sunkún ni.

"Ó kàn ń ṣàdédé kú ni," obìnrin náà wí. "Ojú rẹ̀ á di búlúù, á tún tan ara rẹ̀. Bí àbúrò mi bá ti ṣí àwòrán ńlá báyìí, ó parí. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tún dànù láàárọ̀ yìí."

"Kí ló dé tí àbúrò yín kò bá yín gbé e?"

"Kò lè rìn lónìí."

Fisáyọ̀mi ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ìlare ló ń gbé pẹ̀lú Àyọ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, àti Ìfẹ́olúwa àbúrò rẹ̀ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà láti kékeré. Àìsàn náà ló pa ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Orí ibùsùn ni Ìfẹ́olúwa ti ń ya àwòrán sí ìwé àwọn ọmọdé. Ọjọ́ tí egungun bá ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mú ṣíbí, ó ṣì máa ń ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà fún òun, kí òun kàn lè máa wò ó.

Awódélé tan ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, kò kú. Ó lò ó títí di ìrọ̀lẹ́, kò mira. Fisáyọ̀mi gbé e lọ sílé, ó sì kú kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Ni Awódélé bá ní òun ní láti wá wò ó níbi tó ń gbé gan-an.

Àyọ̀kẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìfẹ́olúwa jókòó ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo ọsàn, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ó pa á ni àbí ẹ ó wò ó sàn?"

Awódélé ṣí àpótí náà, ó yọ irin pẹlẹbẹ méjì jáde. "Ráàmù nìyí," ó wí. "Ibí ni kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú ohun tó bá ń ṣe lọ́wọ́. Bí ibẹ̀ bá ní àbùkù, iṣẹ́ kékeré lè má kan ibẹ̀. Àmọ́ àwòrán ńlá á kàn án dandan, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú."

Ó nu wọ́n, ó ki ẹyọ kan padà, ó sì tan ètò tó ń yẹ ráàmù wò. Ètò náà kì í yára rárá. Kò sí ohun téèyàn lè ṣe ju kó jókòó, kó máa wo bó ṣe ń kà lọ. Fisáyọ̀mi gbé ẹ̀pà wá, ó sì jókòó tì í. Wọ́n sọ̀rọ̀ Ìpetumodù níbi tí wọ́n ti bí Awódélé, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì Fisáyọ̀mi, wọ́n tún sọ̀rọ̀ iná tí kì í dúró.

"Bọ̀dá Awódélé," Ìfẹ́olúwa pè é láti orí ibùsùn, "ráàmù lẹ ń yẹ̀ wò ni, àbí ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìfẹ́, dákẹ́ ẹnu rẹ!" Fisáyọ̀mi wí, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ráàmù méjèèjì yege. Awódélé tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ki wọ́n sí ihò kejì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ni àṣìṣe wá ń tò pupa lójú ẹ̀rọ. Ráàmù kọ́ ló níṣòro, ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ ni. Ó pa ihò náà tì, ó wá ráàmù kan tó tóbi sí ihò tó dára. Ìfẹ́olúwa ṣí àwòrán tó tóbi jù lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí búlúù. Búlúù kò dé. Ìfẹ́olúwa bú sẹ́kún.

Kò sí ìdí fún Awódélé láti wá mọ́, síbẹ̀ ó wá.

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá ó ń gbóná ni."

"Kò gbóná," Fisáyọ̀mi dá a lóhùn. "Ẹ wọlé ẹ jẹun."

Nígbà tó wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ jáde, Fisáyọ̀mi gbé ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Dúró. Kí ni jẹnotáìpù rẹ?"

"AA ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì."

Fisáyọ̀mi, tí tirẹ̀ jẹ́ AS, fi orí lé èjìká rẹ̀, ó sunkún ayọ̀.

Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n lọ tún un yẹ̀ wò kí àwọn tó lè so wọ́n pọ̀. AS ló jáde. Awódélé kò gbà, ó lọ síbòmíràn. AS náà ni. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà èwe rẹ̀ ló ṣàṣìṣe. Gbogbo oyún tí àwọn méjèèjì bá ní ló lè bí ọmọ tí yóò gbé irú ara tí Ìfẹ́olúwa ń gbé.

Àyọ̀kẹ́ kò pariwo. "Mo ti pàdánù ọ̀kan," ó wí. "Ọ̀kan ń joró lójú mi. Fisáyọ̀mi, n kò ní jókòó ti ọmọ-ọmọ kí n máa gbọ́ irú igbe yẹn. Awódélé, ọmọ dáadáa ni ọ́. Má padà wá mọ́."

Wọn kò mọ̀ pé Ìfẹ́olúwa ń gbọ́. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó rìn jáde.

"Màámi, ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ bí mi ni?"

Àyọ̀kẹ́ dìde, ó dì í mú. "N kò kábàámọ̀ rẹ láéláé. Ìrora rẹ ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi."

Awódélé lọ. Fisáyọ̀mi kò pè é, òun náà kò pe Fisáyọ̀mi. Ọyẹ́ dé, ó sì le. Òtútù wọ egungun Ìfẹ́olúwa, àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, mímí di iṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kò rí ọyẹ́ náà parí.

Òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ wà ní yàrá, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí i ká. Wọn kò jẹ́ kí Fisáyọ̀mi náà lọ. Kò sí ẹni tó lè tẹ̀ lé pósí náà àfi àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Awódélé gbọ́, ó wá, ó bá wọn gbẹ́ ilẹ̀, ó bá wọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àyọ̀kẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun lè wọlé.

"Ìwọ lo bá wọn lọ?" Àyọ̀kẹ́ bi í.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù?"

"Rárá, mà. Ó gbẹ. Abẹ́ igi ni. A rọra tẹ́ ẹ."

Àyọ̀kẹ́ mi orí. Láti àárọ̀ ni kò ti sunkún, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ figbe ta.

Láti ọjọ́ náà ni Awódélé ti ń wá. Á pọnmi, á la igi, á kí wọn, á lọ. Kò dárúkọ ìgbéyàwó. Fisáyọ̀mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, níbi kànga.

"Má fi àánú so ara rẹ mọ́ wa."

"Kì í ṣe àánú. Mo fẹ́ ọ. Bí o bá gbà, a kò ní bímọ. A ó gba ọmọ tó ti wà láyé, tí kò ní ẹnìkan."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Ìwọ nìkan ni ọkùnrin tó bí."

"Mo ti lọ bá a."

Ó ti lọ lóòótọ́. Nínú oko kòkó ní Ìpetumodù ni Adéagbo bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Bàbá náà sọ àdá kalẹ̀. "O fẹ́ kí ilé mi parun?"

"Ẹ má bínú, Bàámi. N kò fẹ́ bí ọmọ sínú oró, nígbà tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Adéagbo kò bá a jẹun lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbé iṣu wá sí Ìlare, ó jókòó níwájú Àyọ̀kẹ́.

"Inú mi kò tíì gbà á tán," ó wí. "Àmọ́ n kò lè jẹ́ kí ọmọ mi dúró níwájú pẹpẹ bí ẹni tí kò ní bàbá."

Àyọ̀kẹ́ ní, "Inú tèmi náà kò gbà á tán. Ẹ jẹ́ ká máa gbé e bẹ́ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀ṣì gbà lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn mọ ewu tó wà níbẹ̀. Òwúrọ̀ ni wọ́n so wọ́n pọ̀, pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, láìsí ìlù. Olùṣọ́àgùntàn, tí kò mọ ohun tí wọ́n jọ pinnu, gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣe àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ìyàwó: ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní, ní oṣù kẹsàn-án gbogbo wa ó tún péjọ síbí.

"Àmín!" ni ìjọ ké.

Awódélé dákẹ́. Fisáyọ̀mi dákẹ́, omijé ń rọra bọ́ lójú rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ dìde lórí ìjókòó, ó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó mú ọwọ́ àwọn méjèèjì, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí ẹlòmíràn kò fi gbọ́.

"Ẹ ó dàgbà. Ẹ̀yin méjèèjì ó dàgbà, ẹ ó darúgbó."

"Àmín, Màámi," ni wọ́n wí.