Ìrẹsì Tí Kò Ní Òkúta

Orí eékún méjèèjì ni ọkùnrin náà wà nígbà tí ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí i nínú ilé ìkẹ́rùsí èbúté. Ó wà láàárín àpò ìrẹsì bí ogójì, ó ń fi ìka kan tọ ojú rírán ara àpò kan lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ gba fèrèsé òkè wọlé, eruku ń fò yí i ká. Irun orí rẹ̀ funfun fún eruku bíi ti arúgbó, bẹ́ẹ̀ kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ.

"Amí ni," ni ọmọbìnrin náà sọ nínú ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má dá a lẹ́bi. Ní àdúgbò èbúté ayé ìgbà yẹn, kí àwọn ilé onígíláàsì tó gba ibẹ̀, àwọn ènìyàn kì í bẹ̀rù ẹrù tó ń já láti òkè tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù amí. Ẹrù tó já lè pa ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ tí amí bá gbé dé ọ́fíìsì lè pa iná ààrò ilé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àjèjì bá ń bọ̀ níbi ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á gé lẹ́nu gbogbo èèyàn, wọn á máa wo korobá bí ẹni pé wọn ò rí korobá rí.

Aránpò ni gbogbo èbúté ń pe ọmọbìnrin yìí. Àpò tí ìkọ́ alárùú bá ti fà ya, òun àti àwọn obìnrin márùn-ún mìíràn ló ń rán an nínú ilé ìkẹ́rùsí. Kálukú ló ń yí òwú tirẹ̀ lórí itan, tó ń fi ìda pa á kó lè máa yọ̀, tó sì ń fi awọ tó so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ti ìdí abẹ́rẹ́ ńlá wọlé. Ọwọ́ òsì ni Aránpò fi ń rán tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ nà án títí nígbà èwe nítorí ọwọ́ yẹn, ọwọ́ náà kò gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó sọ, ohùn rẹ̀ tutù bí irin. "Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ọwọ́ òsì ló rán èyí."

"Ọwọ́ lẹ wá wò ni, àbí àpò?"

"Méjèèjì." Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síbi okùn ni. Asokùn ni mí."

"Okùn wà lẹ́bàá omi. Àpò ló wà níbí."

"Mo ti rí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Aránpò wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi jáde.

Ó ròyìn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Alárùú tó lókìkí ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, kí pákó ojú ọkọ̀ tó yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dá. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbé fún un lẹ́yìn náà, pé kó máa gbá ilé ìkẹ́rùsí. Àṣà ibẹ̀ ni pé ìrẹsì tó bá dà sílẹ̀, agbálẹ̀ ló ni ín. Iyanrìn àti òkúta máa ń kún inú rẹ̀, alẹ́ kan kì í lọ kí Aránpò má ṣa òkúta. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́rin, ìrẹsì bàbá ti mọ́ lóló. Bàbá ní òun máa ń ṣà á kí òun tó gbé e wálé, pé ẹ̀yìn òun nìkan ló dá, ojú òun kò fọ́.

"Ó kúnlẹ̀ ti àpò?" ni bàbá béèrè. "Ẹni tó kúnlẹ̀ tí kò gbàdúrà, nǹkan ló ń wá. Jìnnà sí i."

Àti jìnnà wá dogun. Yàrá tó kọjú sí tiwọn ni Asokùn gbà, ẹ̀rọ omi kan náà ni wọ́n jọ ń pọn. Ó rí ìgbálẹ̀ bàbá níbi tó fara ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ wo okùn tí wọ́n fi di ọrùn rẹ̀.

"Kókó yìí dára o, bàbá. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Èmi ni mo dá a fúnra mi," ni bàbá dáhùn, ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ wọlé.

Aránpò fa ojú ro. "Kò sóhun tí ẹ kì í wò, àbí?"

"Okùn ni iṣẹ́ mi, arábìnrin." Ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ àjákù àpò kan jáde, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú rírán tó dà sósì wà lára rẹ̀. "Èbúté òdì kejì omi ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Bí ọkọ̀ bá la ìjì kọjá, àpò á bẹ́ káàkiri nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá rán báyìí kì í tú láéláé. Mo máa ń bi ara mi pé, ta ló ni ọwọ́ yìí? Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá asokùn níbí, mo di ẹrù mi, mo wọkọ̀."

Ara Aránpò kọ́kọ́ gbóná, ó sì tutù lójijì. Ọkùnrin wo ló ń tìtorí ojú rírán wọkọ̀? Ẹni tó ń kó ẹ̀rí jọ nìkan ló ń mú àjákù àpò rìn.

"Ẹ lọ parọ́ fún ẹni tí kò ní baba," ni ó sọ, ó gbé korobá rẹ̀.

"Ó ti kún jù, yóò dà sí ọ lẹ́sẹ̀."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí omi fi dà. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Aránpò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, inú sì bí i pé òun rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ òsì sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Asokùn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, á tú ojú okùn méjì sí fọ́nrán fọ́nrán, á hun wọ́n wọnú ara wọn láìta kókó kankan, títí tí okùn méjì á fi di ẹyọ kan. Aránpò á ní òun fẹ́ gbafẹ́ ni, á dúró, á máa wò ó. Ó ń ṣọ́ ọ, ni ó sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń gbàgbé láti ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan Asokùn mú nǹkan kékeré kan wá fún un, tó fi bébà wé. Awọ àtẹ́lẹwọ́ ni, pẹ̀lú irin roboto níbi tí ìdí abẹ́rẹ́ ń gbé. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe gbogbo èyí tó wà nílé ìkẹ́rùsí fún. Ńṣe ni Aránpò ń yí tirẹ̀ sódì wọ̀, ó sì ti dá ọgbẹ́ sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì ni èyí wà fún. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Báwo lo ṣe mọ ìwọ̀n ọwọ́ mi?"

"Ìgbà tí o na ọwọ́ sókè láti gbá mi létí níbi ẹ̀rọ omi."

"Mi ò gbá ọ."

"Ìyẹn ni mo fi rí àyè wọ̀n ọ́n, olólùfẹ́ mi."

Ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni Aránpò kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ", àwọn méjèèjì sì ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí fóòmàn, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, fi wọlé pẹ̀lú àpò mẹ́ta. Gbogbo wọn ló fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Ẹnì kan ti là wọ́n, ó ti bu ìrẹsì níbẹ̀, ó sì ti rán wọn padà.

"Òsì ni ojú rírán yìí dà sí," ni fóòmàn wí. "Ta ni ọlọ́wọ́ òsì nínú yín?"

Àwọn obìnrin náà ń wo abẹ́rẹ́ wọn. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti mọ̀, kò sí ẹni tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú fóòmàn ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó sì bà lé awọ tuntun tó wà lọ́wọ́ òsì Aránpò.

"Máa lọ sílé. Wá gbọ́ èsì ọ̀rọ̀ rẹ lọ́la láago mẹ́jọ."

Bàbá kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ṣé mi ò sọ? Ṣé mi ò sọ fún ọ? Àmì ni ó fi awọ yẹn sí ọ lára!" Ó ń pariwo, ṣùgbọ́n kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

Asokùn kanlẹ̀kùn. Aránpò kò ṣí i.

"Ẹ máa lọ," ni ó sọ láti inú ilé. "Ẹ ti rí ohun tí ẹ wá."

"Ẹ" yẹn gún ọkùnrin náà ju èébú lọ. "Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣé o máa ń lo òwú ẹlòmíràn?"

"Ẹ ṣì ń ṣèwádìí!"

"Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn."

"Rárá, n kì í lò ó. Ó máa ń tú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ.

Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, fóòmàn jókòó lórí àpótí, àpò mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, Aránpò dúró. Asokùn wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ okùn ni."

Ó kúnlẹ̀ ti àpò kan, gẹ́gẹ́ bí Aránpò ṣe kọ́kọ́ rí i. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé ìdí òwú náà kúrò, ó pa ọwọ́ dé e, kí ó tó fa ìyókù òwú yọ. Aránpò nìkan ló súnmọ́ ọn tó láti rí ohun tó gé. Kókó ni. Àwọn aránpò kì í ta kókó. Ńṣe ni wọ́n ń dá òwú padà sábẹ́ ara rẹ̀. Kókó yìí yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó gba àárín lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìrù pamọ́. Irú èyí tó wà lọ́rùn ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ní gbogbo èbúté.

Ó rántí ìrẹsì tí kò ní òkúta. Gbogbo ayé ló ti fura sí, àfi àwo iwájú ara rẹ̀.

"Òwú inú àpò rèé," ni Asokùn ń sọ fún fóòmàn. "Tirẹ̀ rèé, látinú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ́ méjèèjì sápá ọ̀tún."

Fóòmàn lọ́ wọn. Òwú inú àpò le gan-in. Ti Aránpò tú, ó di fọ́nrán méjì.

"Ẹni tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún yí òwú lórí itan ọ̀tún, ìlọ́ rẹ̀ á gba ibì kan. Ọlọ́wọ́ òsì, ìlọ́ tirẹ̀ á gba òdìkejì. Èèyàn lè fara wé ojú rírán. Ẹni tó ṣe èyí gbàgbé òwú. Ẹ ní kó fi òwú inú àpò rán nǹkan."

Aránpò rán an. Kò tíì tẹ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà tí òwú náà fi tú, tó sì já. Ìyá àgbà inú àwọn aránpò pàtẹ́wọ́.

Fóòmàn wo Asokùn lójú. "Ta ló rán an, nígbà náà? O mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú rẹ."

"Ọ̀gá, okùn ni ẹ gbà mí fún. Bí ẹ bá ń wá amí, ẹ gba ẹlòmíràn."

Fóòmàn dá Aránpò padà sí àyè rẹ̀, ó ní wọn á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó sì ní kí Asokùn lọ máa fọ okùn inú ẹrẹ̀ fún oṣù kan, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀gá lóhùn.

Pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé eékún ni ó kanlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Aránpò ṣí i, ó yà fún un. Asokùn kọjá sọ́dọ̀ bàbá, ó gbé kókó náà sórí tábìlì.

Bàbá wò ó pẹ́. "Ta lo fi hàn?"

"Ẹ̀yin nìkan, bàbá."

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa bọ́ mi," ni bàbá wí. "Mo fara wé rírán rẹ̀ kí wọ́n lè rò pé àpò tó ti tún ṣe ni. Mi ò mọ̀ pé ó hàn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, mo fẹ́ sọ lánàá. Ẹnu mi kò là."

"Ńṣe lẹ jókòó síbẹ̀ lánàá," ni Aránpò sọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ sì jẹ́ kí n lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà bí olè!"

Bàbá tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó yọ abẹ́rẹ́ ńlá kan, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Aránpò yíjú sí Asokùn. "Mo pè ọ́ ní 'ẹ'."

"Tí o bá tún pè mí bẹ́ẹ̀, n ó padà sí òdì kejì omi."

"Òkun náà tutù."

"Nítorí náà ni mo fi fẹ́ dúró. Ṣé kí n dúró?"

Ó fẹ́ na ọwọ́ sí i. Nítorí pé bàbá wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ó nà.

"Rárá," ni bàbá wí. "Òsì ni. Ọwọ́ tí mo nà títí yẹn. Òun ni kó o fún un."

Ó fún un. Ẹrẹ̀ èbúté sì kún àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèjì.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó, nínú àgbàlá, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ìrẹsì tí bàbá gbá ní ilé ìkẹ́rùsí wà nínú oúnjẹ ọjọ́ náà. Ìyàwó ló ṣà á fúnra rẹ̀, ó sì yára ṣà á. Ọkọ ló kọ́kọ́ bu ú jẹ. Gbogbo àgbàlá gbọ́ bí òkúta ṣe ró kà lábẹ́ eyín rẹ̀.

Bàbá dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó dùn," ni ọkọ wí, ó sì bu òmíràn.