Ẹnìkan Wà Níwájú Yín

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà ní Mákùn, ní Ṣàgámù, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń ké bí wọ́n bá ń ṣí i. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ ra ọṣẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, kó kí èèyàn.

Alhaji Ṣẹ̀rífù ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ilé tí wọ́n ń kó obì sí ni tẹ́lẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń fi ewé di obì sínú agbọ̀n kó tó kó wọn ránṣẹ́ sí Òkè Ọya. Nígbà tí bàbá kú, Alhaji kun ògiri, ó to pẹpẹ, ó ra fírísà kan, ó sì kọ SÚPÁMÁKẸ́Ẹ̀TÌ gàdàgbà sí iwájú. Bó ṣe kun ògiri náà tó, bí òjò bá rọ̀, òórùn obì á ṣì máa jáde lára rẹ̀.

Ọjà ibẹ̀ dára. Wàhálà ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: Kareemat. Òun ló ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun tó burú lára rẹ̀, ó kàn ní ọ̀yàyà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí o bá gbé búrẹ́dì ẹyọ kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kí ọ, á béèrè ìyá rẹ, á béèrè orúnkún ìyá rẹ, á béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ ti bímọ. Kó tó kan búrẹ́dì, ìlà á ti dé ẹnu fírísà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà sílẹ̀, wọ́n ń gba Intaséńjì lọ, níbi tí súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun kan ti ṣí, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè orúnkún ìyá ẹnikẹ́ni.

Fàsásì, àbúrò Alhaji, ló wá mú ọ̀rọ̀ le. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jogún ilé náà, Fàsásì sì fẹ́ fi í háyà fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi ọwọ́ wọn ògiri.

"Tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà á gba ibí," ó ní.

"Fàsásì, ọjà wà níbẹ̀."

"Ọjà wà, ẹ̀gbọ́n mi. Oníbàárà ni kò sí. Sátidé ni mo máa mú káfíńtà wá. Bí mo bá bá ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níbí lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ti parí."

Alhaji wo ilẹ̀. Fàdìlàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní pólì, rí bó ṣe wo ilẹ̀ yẹn.

"Ẹ fi Sátidé náà sílẹ̀ fún mi, Bàbá," ó ní.

Ó ti ní áàpù kan lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́. Oníbàárà á fi fóònù ara rẹ̀ ya àmì ara ọjà bó ṣe ń mú un lórí pẹpẹ. Bó bá ṣetán, á tẹ ibì kan, fóònù á san owó, á sì sọ iye èèyàn tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá kàn án, iná àwọ̀ ewé á tàn, ó di ilé nìyẹn. Kò sí pé a ń wá ṣéńjì. Kò sí orúnkún ìyá ẹnikẹ́ni. Ká sòótọ́, ìkíni ni Fàdìlàt kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọjà rírà. Ó wò ó pé ibẹ̀ gan-an ni àsìkò ń bá lọ.

"Èmi ńkọ́?" ni Kareemat bi í.

"Ẹ ó máa wo iná lójú fóònù wọn. Bó bá ti tàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ."

"Ṣé mi ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ ṣáà máa wo iná, Àǹtí."

Tíṣà Ṣóbọ̀wálé, tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ lò ó, lọ́sàn-án Tọ́sìdé. Ó ya sàdíìnì, ó ya iyọ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Ó wo fóònù. Ó wo iwájú. Ó tún wo fóònù.

"Fàdìlàt."

"Sà."

"Ta ló wà níwájú mi?"

"Kò sẹ́nìkankan, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá rajà."

"Ohun témi náà rò nìyẹn."

Ó na fóònù sí i. Ó wà níbẹ̀ kedere: Ẹnìkan wà níwájú yín.

Fàdìlàt ní àṣìṣe kékeré ni, òun á tún un ṣe. Tíṣà ní kò burú, òun á dúró. Wọ́n dúró. Wọ́n mú iná lọ. Fírísà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀rá kan ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, bí ìgbà tí ẹni tó gbẹ́rù bá ń pààrọ̀ ọwọ́. Kò sí ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà.

"Màá padà wá," ni Tíṣà wí. Ó rọra gbé sàdíìnì sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun, tí Kareemat ti lọ sílé, Fàdìlàt ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá gbólóhùn náà nínú iṣẹ́ tó ṣe. Kò rí i. Ó tún wá a. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tó kọ sínú áàpù náà. Kò kọ Yorùbá kankan síbẹ̀.

Inú bí i. Ó mú ọṣẹ kan lórí pẹpẹ, ó yà á, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹnìkan wà níwájú yín.

Ó ti ilẹ̀kùn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ gbẹ, òjò ò rọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀ òórùn obì gbé e nímú, obì tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ewé di. Ó ń sún mọ́ ọn.

Fàdìlàt fi bàtà sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tó délé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, Tíṣà ti ròyìn fún gbogbo Mákùn. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Àwọn kan wá rajà, àwọn tó kù wá wòran, ṣùgbọ́n ojú ń ti àwọn òǹwòran náà, wọ́n bá mú nǹkan dání. Fàsásì dé pẹ̀lú Oyèkọ́lá káfíńtà. Oyèkọ́lá fa téèpù rẹ̀ yọ, ó fi lé ògiri.

Ìlà ò lọ. Fóònù Tíṣà ní ẹnìkan wà níwájú rẹ̀. Ti ẹni tó tẹ̀ lé e ní ẹni méjì. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ẹ̀yìn. Iná kankan ò tàn. Awakọ̀ kan tí ń kánjú ní òun ò lè máa bá fóònù ṣeré, ó já ìlà, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀ ló dúró gbagidi. Ó fẹ̀yìn rìn padà.

"Kí ló dé?" ni Kareemat bi í.

"Mo kọlu nǹkan."

"Kí ni?"

"Èjìká."

Téèpù Oyèkọ́lá ń gbọ̀n lára ògiri.

Fàsásì nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi wá láti mọ́ṣáláṣí. Ìlà tó wà níbí báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbí irọ́ ni, Fàdìlàt?"

Kì í ṣe irọ́. Fàdìlàt ń wo obìnrin kan tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí apẹ̀rẹ̀ yẹn bá kan ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ nìyẹn.

Láti ẹ̀yìn pátápátá, Màmá Ọmọ́yẹni gbóhùn sókè. Arúgbó ni, ìṣáná kan ṣoṣo ló mú lọ́wọ́.

"Kí ló dá wa dúró?"

"Wọ́n ní ẹnìkan wà níwájú, Màmá."

"Ẹ ti kí i?"

Wọ́n wojú ara wọn.

"Ẹ ò kí i. Ẹ kàn to sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ń tẹ fóònù. Ẹ̀yin ọmọ yìí náà."

Wọ́n yà fún un. Ó dé iwájú, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà tó ṣófo, ó tẹ orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Rẹ́mọ pọ́ńbélé kí i. Ó kí i kú ìdúró. Ó kí i kú oòrùn. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè oko. Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀, á mi orí, bí ẹni tó gbọ́ èsì. Kareemat ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Orúnkún yín ńkọ́?" ó béèrè láti orí ìjókòó rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ké. Ó ṣí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́rù bá ń fi ẹ̀yìn tì í. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó padà. Gbogbo fóònù inú ṣọ́ọ̀bù dún lẹ́ẹ̀kan náà, iná àwọ̀ ewé sì tàn sí wọn lójú.

Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ran gbogbo wọn. Obìnrin yẹn gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni pé kò gbé e sílẹ̀ rí. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Kareemat gbá láàárọ̀, ewé tútù kan wà, irú èyí tí wọ́n fi ń di obì.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Fàsásì wí. Ó wẹ̀yìn kó lè rí káfíńtà rẹ̀. Káfíńtà ti lọ. Téèpù rẹ̀ ló kù.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń ti Ọ̀fin wá, wọ́n ń ti Ìpara wá, àwọn ará Intaséńjì pàápàá ń wá to sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú. Áàpù tí Fàdìlàt ṣe kí ọjà rírà lè yá, òun ló wá sọ ọ́ di ohun tó pẹ́ jù ní gbogbo Rẹ́mọ. Kálukú ló ń kí i ní tirẹ̀. Awakọ̀ ọjọ́sí máa ń sọ fún un bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin kan sọ fún un pé òun ti yege, ó sì dúró gba ìkíni. Alhaji ra fírísà kejì. Kódà Fàsásì wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èrò ò pọ̀. Ó ra ọṣẹ ìfọyín, ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kareemat rí ẹnu rẹ̀ tó ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Kò gbọ́ ohun tó sọ, èyí sì ń dun Kareemat títí dòní. Fàsásì ò dárúkọ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù mọ́.

Alhaji nìkan ni kò lo áàpù náà rí. Fóònù oníbọ́tìnnì ló ń lò. Ó ní ohun tí kò bá òun sọ̀rọ̀, òun ò lè máa bá a wí.

Ó di ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Iléyá. Oòrùn ti ń wọ̀, àwọn oníbàárà ti lọ, àwọn àgbò ń ké ládùúgbò. Fàdìlàt mú ìṣáná kan tó fẹ́ gbé lọ sílé, ó yà á, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni méjì wà níwájú yín.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe bàbá rẹ̀, tó ń ti fèrèsé lẹ́yìn. Alhaji wá, ó sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí fóònù náà.

"Ó ti lọ mú ẹnì kejì rẹ̀ wá," ni Alhaji wí, ó rẹ́rìn-ín.

Fàdìlàt kúnlẹ̀. Ó kí àkọ́kọ́, ó kí ìkejì. Ilẹ̀kùn ṣí, ó padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dìde, ó wo fóònù. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti yí padà.

Ẹnìkan wà lẹ́yìn yín.

Àwọn àgbò dákẹ́. Òórùn ewé obì kún inú ṣọ́ọ̀bù. Fàdìlàt ò wẹ̀yìn. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Alhaji ti gbé ojú kúrò lórí fóònù, ó ń wo òkè èjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń tàn bíi ti ọmọdé tí wọ́n ra bàtà Iléyá fún.

Lẹ́yìn náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn. Alhaji kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún, bàbá rẹ̀ tó ń di obì nínú wọn, ti kú tán.

"Ta ni, Bàbá?"

"Yà fún wọn," ó ní láti ilẹ̀. "Ọwọ́ wọn dí."

Ó yà. Nǹkan kan rọra kan èjìká rẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ké, ó ṣí, ó padà. Iná àwọ̀ ewé tàn.

Fàdìlàt bi bàbá rẹ̀ lọ́nà ilé, ó bi í lẹ́nu géètì. Alhaji ń rẹ́rìn-ín lọ ní tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọlé ló tó yíjú sí i.

"Ṣí ṣọ́ọ̀bù ní kùtù ọ̀la."

"Iléyá ni ọ̀la, Bàbá. A kì í tajà lọ́jọ́ Iléyá."

"Mo mọ̀. Má tajà. Ṣáà ṣí ilẹ̀kùn fún wọn."