Ọwọ́ Òsì Afunfèrè

Ìyá afunfèrè ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì ti ń pàṣẹ kó tó rí àga jókòó.

"Dókítà, ẹ bá mi yọ eyín ọmọ yìí. Wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ níbòmíràn, ó tún ń ṣọyún. Kí la tún ń wò?"

Ọmọ náà, géńdé ọkùnrin, tẹ̀lé e, ó fọwọ́ bo ẹnu. Fèrè idẹ ló fi ń jẹun, eyín iwájú tó ń dùn ún yìí ni ètè rẹ̀ sì ń fara tì tó bá ń fun ún. Ojú ló fi bẹ dókítà pé kó má yọ ọ́. Ojú yẹn wọ dókítà obìnrin náà lára ju bó ṣe yẹ lọ, ló bá yára wọ ìbòmú.

"Màmá, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Mi ò ní yọ ọ́."

"Tó bá wá tún ṣọyún ńkọ́?"

"Ẹ wá bi mí, mà."

Ó ṣàlàyé fún wọn. Ihò inú gbòǹgbò eyín ní ẹ̀ka tín-ín-rín tí irin iṣẹ́ kò lè dé, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn sá pamọ́ sí. Òun yóò da omi apakòkòrò sínú ihò náà, òun yóò wá ti okùn kan tó tín-ín-rín bí irun bọ̀ ọ́. Iná léésà tó ń tẹnu okùn náà jáde ni yóò ru omi náà dé gbogbo kọ̀rọ̀.

"Bó bá dùn yín, ẹ na ọwọ́ òsì sókè."

"Ọwọ́ òsì kẹ̀?" ni ìyá wí. "Sí dókítà? Ọmọ tí mo kọ́!"

Gbogbo wọn wọ awò dúdú nítorí iná náà. Iṣẹ́ kò tíì jìnnà tí ọwọ́ òsì fi lọ sókè. Dókítà fa okùn náà jáde.

"Ó dùn yín?"

"Rárá o. Ohùn yín ni mo tún fẹ́ gbọ́."

Inú bí dókítà. Ọ̀rọ̀ náà tún dùn mọ́ ọn, ìyẹn ló wá jẹ́ kí inú túbọ̀ bí i. "Ẹ má fi iṣẹ́ mi ṣeré! Aláìsàn mi lẹ jẹ́. Títí eyín yìí á fi jinná, ọ̀rọ̀ eyín nìkan la ó jọ máa sọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é. Oṣù ń gorí oṣù, afunfèrè ń wá fún àyẹ̀wò, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú eegun eyín rẹ̀, ó ń lọ. Dókítà a máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ilẹ̀kùn á fi pa dé. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, àmọ́ kò pè é.

Nígbà tó yá, fọ́tò fi hàn pé eegun ti dí ojú dúdú tí àrùn dá sí ìdí gbòǹgbò náà.

"Ẹ fun fèrè yín," ni dókítà wí.

Ó fun ún, ó gbé ohùn lọ sókè réré níbi tí ìrora ti máa ń já a lulẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn náà kò já. Omi bọ́ lójú ìyá rẹ̀ tó tẹ̀lé e wá lọ́jọ́ náà.

Dókítà bọ́ ìbòmú. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ eyín mọ́.

Ni ìyá bá na ọwọ́ òsì tirẹ̀ sókè.

"Màmá! Kí ló ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí pé o ò tíì mọ ilé wa. Ìyàwó mi, ọjọ́ wo lò ń bọ̀?"