Àmì Ọwọ́ Inú Ilé-Ìhunṣọ

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti ìlẹ̀kùn pa, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́. Màmá ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré wà lára wọn. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ìpẹtà jẹ irin ẹnu ọ̀nà, àdúgbò sì dá páropáro.

Ìgbà náà ni àwọn òṣèré dé. Wọ́n fọ gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n kan pèpéle sí i. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣèlérí pé bí eré àkọ́kọ́ bá yọrí sí rere, ibẹ̀ yóò di ilé eré títí láé. Eré náà dá lórí àwọn ahunṣọ. Láyé ọjọ́un, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Màmá ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tí yóò ṣe eré náà ní àmì ọwọ́ wọ̀nyí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó rí láti ọdún mẹ́wàá nìyẹn.

Ìyá Kékeré, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, rò pé òun ni yóò ṣe olórí eré. Ní kékeré, kí wọ́n tó ti ilé-iṣẹ́ pa, ó máa ń tẹ̀ lé Màmá lọ síbi iṣẹ́. Kò sí àmì tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ń pè ní Eegun-Ẹja nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ni olùdarí eré mú.

"Ọwọ́ tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀," ni olùdarí wí fún Ìyá Kékeré. "Tìẹ ń ka àkọ́sórí."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lọ́fun mọ́. Bí Màmá bá rẹ́rìn-ín sí Eegun-Ẹja, àyà rẹ̀ á máa ta á bí ẹni jẹ ata.

"Òjòwú ò lẹ́ran láyà o," ni Màmá fi ń ṣẹ̀fẹ̀. "Wo bí o ṣe ń rù." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí eré ku ọ̀la, Eegun-Ẹja bá Ìyá Kékeré nílé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ pé 'ẹ kú iṣẹ́'? Mo fẹ́ fi kí àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ níparí eré. Ẹ má sọ fún Màmá o, mo fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni."

Ìyá Kékeré ń fọ abọ́. Ó nu ọwọ́. Ó gbé apá méjèèjì sókè, ó fi ọ̀kan dábùú èkejì lókè orí.

"Ṣé báyìí?"

"Báyìí gan-an. Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

Ìtumọ̀ àmì náà ni pé ẹ̀rọ ti mú ènìyàn, ẹ pa iná. Ìyá Kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé wọn yóò kàn fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dá ariwo ìhunṣọ padà. Níparí, Eegun-Ẹja bọ́ síwájú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé apá sókè, ó dábùú wọn.

Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Àwọn arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ara wọn rántí kí orí wọn tó rántí. Wọ́n sáré lọ síbi ògiri tí wọ́n ti ń pa iná ẹ̀rọ nígbà kan. Pákó tuntun ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ilé ń jó, wọ́n ya lu ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ahunṣọ àtijọ́, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ sì kán.

Màmá dúró láàrin àwọn àga tó dojú dé. "Ta ló kọ́ ọ?"

Eegun-Ẹja wolẹ̀. "Mo ṣèèṣì ni, Màmá."

"Èyí kì í ṣe èèṣì."

"Èmi ni," ni Ìyá Kékeré wí.

Màmá wò ó títí. "Ìwọ tí o mọ ìtumọ̀ rẹ̀," ló wí.

Lọ́sẹ̀ náà, ìgbìmọ̀ ìlú ti gbọ̀ngàn pa. Iṣẹ́ Màmá bá a lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ mọ̀ ọ́n dájú: ìlara kì í dúró lára ẹni tí a rán an sí. Á kọjá lára rẹ̀, á ṣubú lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìyá Kékeré nìkan ni wọ́n ní kó gbá gbọ̀ngàn náà. Ohun tó bá nílẹ̀ nìwọ̀nyí: bàtà mẹ́sàn-án, tí kò sí méjì tó bára mu, awò ojú kan tí gíláàsì ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́, ọ̀pá ìtilẹ̀ ọ̀gá ahunṣọ, ìborùn Màmá, àti ìwé ètò eré kan tó ti fàya, tí orúkọ Màmá ṣì hàn kedere lára rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "Olùkọ́" sí.