Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Pátákó Suliat

Pátákó ló so wọ́n pọ̀. Suliat, ọmọ Alfa Rájí, ń ta ògì àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé kan ní Ẹ̀sìẹ́. Ó wá bẹ Timothy, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, pé kó bá òun kọ "bírẹ́kífáàsì" sára pátákó.

Ká má purọ́, ògì náà dùn. Ṣùgbọ́n ta ní ń mu ògì lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan bíi ti Timothy?

"Tíṣà, kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bírẹ́kì, kí nǹkan já ni. Fáàsì, ààwẹ̀ ni. Ebi òru mọ́jú ni àwọn baba wọn kà sí ààwẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ ló ń já a."

"Háà! Ìṣínu tiwa nìyẹn!"

"Òun gan-an. Tó o bá tún wá fáàsì délé baba rẹ̀, kéèyàn di nǹkan mú ṣinṣin ló ń jẹ́ látijọ́."

Suliat rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ̀yin wá dì mú?"

"Ìwọ ni, ààyò mi."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Lọ́dún yìí, ààwẹ̀ Ràmàdáànì àti ti Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì ní àmì rere ni, wọ́n bá lọ sọ fáwọn òbí pé àwọn fẹ́ fẹ́ra.

Yéè! Alfa Rájí kò tiẹ̀ fi ìjókòó lọ Timothy. "Kó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù ná."

Ìyá Timothy náà fárígá. "Timothy, ìwọ nìkan ni mo bí. Lọ́jọ́ tó o bá kírun, má wá síbi ìsìnkú mi."

Omi pọ̀ ju ọkà lọ. Kí ààwẹ̀ tó pé ogún ọjọ́, Alfa ti fi Suliat fún Abdulrasaq ará Agbamu. Ọjọ́ kẹta ọdún ni wọn yóò so yìgì.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, Suliat gbé àkàrà gbígbóná lọ bá Timothy nídìí pátákó. Ẹkún ti mú kí ojú Suliat wú.

"Tíṣà mi, ẹ jẹun. Ọ̀tunla ni mò ń lọ."

Timothy kò fọwọ́ kàn án. "Ààwẹ̀ tìrẹ ti já, Suliat. Tèmi ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì ó lé."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

Ó fa pátákó náà tu nílẹ̀, ó nà án sí i. "Mú un dání lọ Agbamu."

Suliat mi orí. "Abdulrasaq ní ìyàwó òun kò ní ta ògì." Ó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí Timothy kọ sára rẹ̀, ó sì rọra ti pátákó náà padà sí i láyà. "Ẹ dì í mú."

Ó yí padà, ó ń sunkún lọ sílé Alfa, níbi tí wọ́n ti ń dáná ọdún.