Mọ́tò Tó Ń Kú Lọ́jọ́ Sátidé

Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin ní oríta Suame, nílùú Kumasi, lọ́sàn-án Sátidé kan tí fèrè mọ́tò ń han bí ariwo ẹ̀gà lórí igi ọ̀pẹ.

Ọ̀wọ́ mọ́tò tó ń sin òkú lọ sí Mampong ló há síbẹ̀. Ọkọ̀ òkú ti kọjá, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ lé e, mọ́tò Jámánì àtijọ́ kan tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn, ti kú sáàárín ọ̀nà. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú àti pupa ń fi fèrè ṣẹ́ ẹ lépè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sídìí ọkọ̀. Aṣọ tó dà bora ti yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, òógùn bò ó, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ́ńjìnnì kàn ń ṣe kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ lásán.

Afrakoma fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó gba àárín àwọn mọ́tò bọ̀, ó fi eyín di tẹ́sítà mú bí ẹni ń rin pákò. Rẹwáyà ni, ìdí iná mọ́tò ló ti ń jẹun. Nígbà tí ọkùnrin náà gbójú sókè tí ó rí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ́kọ́rọ́. Àyà Afrakoma náà ṣe nǹkan kan tí kò lórúkọ. Kí ló dé tí ẹni tí ìyà ń jẹ tó báyìí fi rẹwà tó báyìí?

"Bọ̀dá, ẹ tú kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀," ni ó wí. "Ṣé òkú kan ò tó yín sin lónìí ni? Ẹ tún fẹ́ fi bátìrì kún un?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín láìrò tẹ́lẹ̀. Bàbá arúgbó tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Dapaa, ta lèyí? Mẹkáníìkì ni mo ní kí wọ́n pè."

"Rẹwáyà ni mí, Bàbá."

"Obìnrin?"

"Ojú yín ṣì ríran dáadáa, Bàbá. Ẹ kú oríire."

Ó ní kí Dapaa pa gbogbo iná ọkọ̀, kí bátìrì lè sinmi. Ó ṣí bọ̀nẹ́ẹ̀tì, ó mi àpótí fíúsì, ó tẹ ríléè, nǹkan kékeré tó ń gbé iná fún páǹpù epo, wọnú ihò rẹ̀ dáadáa. "Ẹ yí i." Ẹ́ńjìnnì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn elésìnkú pàtẹ́wọ́. Afrakoma gbà pé ríléè ni òun tún ṣe, ibẹ̀ ló sì ti ṣì í.

Lọ́jọ́ Ajé, Dapaa wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni.

"Ọpẹ́ nìkan ló gbé kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín dání báyìí?"

"Ọpẹ́ tèmi máa ń jẹun."

Ará Ntonso ni, àwọn tó ń tẹ àmì sára aṣọ ọ̀fọ̀. Aró tí wọ́n ń sè láti ara èèpo igi ti kun ìka rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó na ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Afrakoma tí gírísì ti bò.

"Wò ó, ọwọ́ ta ló dúdú jù?"

"Tèmi ṣeé fọ̀," ni Afrakoma wí.

"Tèmi ṣeé dì mú."

Ọmọbìnrin náà yára kó ojú sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkùnrin náà má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ bọ̀nẹ́ẹ̀tì, nínú òórùn bẹntiróòlù.

Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Láàárín ọ̀sẹ̀, a máa sáré bí ẹṣin ọba. Bí Sátidé bá dé, tí wọ́n bá gbé e tẹ̀ lé òkú, a kú. Afrakoma pààrọ̀ páǹpù. Ó tú nọ́sù, ìyẹn ẹnu kéékèèké tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi dán. Ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ó fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó ti parí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mọ́tò kú sẹ́nu géètì mọ́ṣúárì, níṣojú gbogbo ẹbí. Àwọn ènìyàn ní mọ́tò náà ń bẹ̀rù òkú.

Bàbá ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ló ni ín: Wọ́fà Nimako, ẹ̀gbọ́n ìyá Dapaa. Ọwọ́ wọ́fà tirẹ̀, ìyẹn arákùnrin ìyá rẹ̀, lòun náà ti jogún rẹ̀, Dapaa ni yóò sì jogún rẹ̀ lọ́la. Kì í fi í ṣeré rárá.

Bediako, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Afrakoma, ti ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Afrakoma ọmọ mi, nọ́sù kì í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ wa. Jẹ́ n yọ gbogbo ẹ̀ dànù, kí n gbé kábúrétọ̀ lé e. Kábúrétọ̀ ò ní wáyà, kò ní wàhálà."

"Á wá máa mu epo bí ọ̀mùtí, Ọ̀gá. Ẹ̀gún ló gún ẹsẹ̀, ẹ̀yin fẹ́ gé ẹsẹ̀."

"Ẹ̀gún tó o ti ń wá látọjọ́ yìí? Máa wá a lọ. Irun ẹ á funfun níbẹ̀."

Nígbà tí ìfẹ́ ò ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́, Dapaa kọ lẹ́tà sí Màámi Tiwaa, ìyá Afrakoma tó ń ṣe búrẹ́dì ní Tafo, pé àwọn ará ilé òun fẹ́ wá kan ilẹ̀kùn, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ. Wọ́fà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà, òun náà ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Wọ́fà Nimako wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ká lẹ́tà náà níṣojú àwọn méjèèjì, ó tì í bọ àpò.

"Ní Sátidé tó ń bọ̀, a óò sin òkú kan dé Mampong," ni ó wí. "Bí mọ́tò mi bá gun òkè ibẹ̀ láìkú, èmi fúnra mi ni màá gbé lẹ́tà yìí dé Tafo. Bó bá tún dójú tì mí lẹ́yìn òkú, Bediako á gbé kábúrétọ̀ lé e, èmi á sì fa lẹ́tà yìí ya. Ẹni tó parọ́ mọ́tò fún mi, irú ìyàwó wo ló fẹ́ jẹ́?"

"N ò parọ́ fún yín, Wọ́fà. Mo ṣì í ni."

"Ìyàtọ̀ wo nìyẹn ṣe fún ẹni tó dúró sínú oòrùn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. Bí bàbá ti lọ tán, Dapaa sún mọ́ ọn. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n bẹ Wọ́fà kí Bediako ṣe tiẹ̀. Mọ́tò lásán ni. Ìwọ ni mo fẹ́."

"Bó o bá fẹ́ mi, má bẹ̀ mí pé kí n sá. Màá mọ ohun tó ń pa á." Afrakoma yí agolo epo kan dé, ó tì í sí i. "Jókòó. Mọ́tò ò mọ òkú, kò sì mọ Sátidé. Nǹkan kan lẹ ń ṣe sí i lọ́jọ́ náà. Sọ gbogbo ẹ̀ fún mi láti àárọ̀. Má fo ohunkóhun."

"A wẹ̀. A wọ aṣọ. Wọ́fà bínú pé mo pẹ́."

"Ìyẹn ò pa mọ́tò. Tẹ̀ síwájú."

"A dé mọ́ṣúárì. Wọ́n gbé òkú jáde. A tẹ̀ lé e, à ń rọra lọ bí ìgbín. Kò tán?"

"Báwo lẹ ṣe ń tẹ̀ lé e?"

"Bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ lé òkú ni, Afrakoma. A tanná iwájú, a tò—"

"Ẹ tan kí ni?"

"Iná. Kí àwọn èèyàn lè yà fún òkú. Ṣé o kì í ṣe ọmọ Kumasi ni?"

Afrakoma gbá orí ara rẹ̀. Ọmọ Kumasi ni, ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti kékeré ló ti ń rí i tí àwọn elésìnkú ń tanná lójú oòrùn. Ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n dé ibi pé kò rí i mọ́. Lójú iṣẹ́, ta ni í tan iná iwájú dán mọ́tò wò lọ́sàn-án gangan? Ní oríta Suame, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa iná, tó tún fi ọpẹ́ fún ríléè!

Ó ṣíná mọ́tò, ó tan iná iwájú, ó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Ooru mú ẹ́ńjìnnì. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wùùùù. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.

"Ó kú!" Afrakoma fò mọ́ Dapaa lọ́rùn. "Ó kú o! Ó ti kú!"

Bediako sáré jáde, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "Ta ló kú?"

"Mọ́tò ni, Ọ̀gá! Ẹ bá wa yọ̀!"

Ó fi tẹ́sítà àti mítà tọ wáyà lọ, inṣi lẹ́yìn inṣi, títí tí ó fi dé ìsàlẹ̀ bátìrì. Ibẹ̀ ni wáyà ńlá tó ń dá iná padà láti ara mọ́tò sí bátìrì wà. Àwọn tó kun ọkọ̀ náà ti kun ọ̀dà mọ́ ọn lábẹ́, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ bí kòkòrò ti ń jẹ eyín.

"Wò ó," ni ó wí fún Dapaa. "Ojú ọ̀nà ńlá ti dí. Bí iná iwájú àti fáànù bá jọ ń ṣiṣẹ́, iná tó yẹ kó gba ibẹ̀ lọ sílé á ya sí tóóró ọ̀nà ti ọpọlọ ẹ́ńjìnnì. Ọpọlọ á dàrú, nọ́sù á pa ẹnu dé."

"Bí èmi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ."

"Mú sáńpépà wá, aláròyé."

Ó ha ọ̀dà náà títí irin fi funfun, ó sì de wáyà tuntun tó nípọn mọ́ ọn.

Ní Sátidé, Afrakoma wọ aṣọ dúdú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dapaa níwájú. Wọ́fà Nimako wà lẹ́yìn. Iná iwájú ń tàn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè Mampong, lọ́rì kan tó ru ẹ̀gẹ́ ń fà síwájú ọ̀wọ́ náà bí aláboyún. Gbogbo mọ́tò ń rọra wọ́ lọ. Ooru gòkè. Fáànù bẹ̀rẹ̀: wùùùù. Ẹ́ńjìnnì rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀.

Ọwọ́ Dapaa yọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa iná. Afrakoma di ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀."

"Afrakoma, lẹ́tà náà—"

"Fi í sílẹ̀, mo ní. Bí mo bá gba ọ́ lọ́wọ́ Wọ́fà, n ò ní fi màgòmágó gbà ọ́."

Ó di ọwọ́ náà mú gírígírí, aró lórí gírísì, títí wọ́n fi yà ní kọ́nà kan, tí wọ́n tún yà ní òmíràn. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, kò wúkọ́. Afẹ́fẹ́ tútù orí òkè gba ojú fèrèsé wọlé, ilé àkọ́kọ́ ní Mampong sì yọ sí wọn. Lẹ́yìn, wọ́n gbọ́ tí bàbá fọn ikun nínú áńkáṣíìfù. Ó ní eruku ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, mọ́tò aláwọ̀ ewé náà dúró sí iwájú ilé kan ní Tafo, níbi tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti gba gbogbo àdúgbò. Wọ́fà Nimako tẹ́ lẹ́tà sórí bọ̀nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ sí i, ó fa ọwọ́ yọ kíá.

"Ó gbóná."

"Ó wà láàyè ni, Wọ́fà," ni Afrakoma wí.

"Ìyàwó ẹlẹ́nu mímú." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà létè rẹ̀. Ó tún aṣọ dà bora, ó kan ilẹ̀kùn. "Àgò onílé o!"

"Àgò yà!" Màámi Tiwaa yọ jáde. Ó wo bàbá, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń làágùn, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ lọ fọ̀ ọ́, ìyá. A kì í fi ìkánjú gba ohun tá a mú wá."

Ó lọ, ó fọwọ́, ó padà dé, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. Lẹ́yìn bàbá, ìka dúdú kan wá ìka dúdú kejì rí. Màámi Tiwaa tẹríba díẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún, Wọ́fà Nimako sì fi lẹ́tà náà lé e.