Rọ́bà Tí Kò Lè Gbé Inú Ọ́ìlì

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé wá, èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́, mò ń gbọn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa, wọn ò sì purọ́ mọ́ mi. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa jó. Bí mo bá dìde, ọwọ́ mi á máa wá ohun tó máa tú. Nǹkan rọ́bà ni èmi àti bàbá mi ń ṣe: bùṣì ọkọ̀, rọ́bà ẹnu páìpù, rọ́bà ilẹ̀kùn fìríìjì. Ohun tí ẹ bá ti gbé wá pé ó gbó, a ó gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sínú irin, a ó fún rọ́bà sí i, a ó sì fi iná sí i títí á fi gan.

Ọkùnrin náà tú àkísà kékeré kan sórí tábìlì mi. Rólà méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, rọ́bà ara wọn sì ti jẹ dé irin.

Ó rí i pé obìnrin ni mí, ó béèrè bóyá kí òun dúró de ọ̀gá. Mo ní ọ̀gá náà ló ń wò yìí, kó sọ fún mi bóyá eku ló ń sìn nínú ẹ́ńjìnnì.

Ó rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì ni. Alùpùpù àtijọ́ bàbá rẹ̀ ló tú palẹ̀ tó ń tún ṣe. Ó ní ṣéènì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì náà tó ń yí irin tó ń ṣí fáàfù, àwọn rólà yìí ló sì ń di ṣéènì náà mú kó má baà máa fì. Ní báyìí tí wọ́n ti gbó, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń dún bí ìgbà téèyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Àwọn tó ṣe alùpùpù náà ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, wọ́n ti ṣíwọ́ kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì. Ó ní òun ń kánjú. Èmi ò béèrè ohun tó ń lé e.

Rọ́bà bùṣì ni mo fi ṣe é, torí òun ló wà nítòsí. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó tún dé. Rólà ti wú bíi búrẹ́dì tó jábọ́ sínú tíì. Ọ́ìlì gbígbóná ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe mi ni, mo sì gbà. Rọ́bà tó lè gbé inú ọ́ìlì yàtọ̀, a sì ní i nínú àpótí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ yẹn, kò lọ. Ó fa àga kan, ó jókòó tì mí, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó sọ fún mi bí òun ṣe kọ́kọ́ tú aago ìyá òun nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún méje, tí kò sì ṣeé tò padà títí dòní. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Nígbà tó yá, mo wolẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Bó ṣe ń lọ, ó ní, "Oní-rọ́bà, bí eléyìí bá fi lè dáa báyìí, o ò ní rí mi mọ́ nìyẹn."

Ó fi ṣàwàdà ni. Èmi ò rí àwàdà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí mo ṣe, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo nawọ́ sí àpótí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo fà á padà, mo tún fi rọ́bà bùṣì ṣe é, mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ni, á tún padà wá jókòó. Ṣé ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí débi tí ẹ fi mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́? Bí ẹ ò bá tíì ṣe é rí, ẹ rọra máa bú mi.

Ọjọ́ kẹjọ pé, kò wá. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ kẹwàá, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá kí n má yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa, ó ní kí n gbójú kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn, kò ní sá lọ. Mi ò lè jẹun, mi ò lè jókòó, mo sì ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, ó dé. Fáàfù méjì tó ti tẹ̀ kọdọrọ ló kó sórí tábìlì. Rólà ti rọ̀ lójú ọ̀nà, ṣéènì fò, písítìnì sì gbá fáàfù. Wákàtí méjì gbáko ló fi ti alùpùpù náà délé nínú oòrùn. Kò bínú sí mi rárá. Ó ní bóyá òun lòun dì í le jù. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Bàbá mi ni mo ń sáré fún," ó ní. "Ojú wọn ń lọ. Dókítà ní ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀, bóyá ni yóò tó oṣù kan. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi alùpùpù yẹn pín lẹ́tà. Wọ́n fẹ́ fọwọ́ ara wọn gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n ṣì rí ọ̀nà. Fáàfù tuntun ò sì lè dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé."

Bàbá mi dìde níbi tí wọ́n wà, wọ́n mú rólà náà, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì wò mí. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.

Ó lọ tán ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni, èkejì ńkọ́? Mo ní mo fẹ́ kó padà wá ni. Wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ẹni tó bá fẹ́ kéèyàn padà wá, ẹnu ló fi ń sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ ní kí n pa ẹnu mọ́, pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Bàbá mi ní tiwọn ní bí mi ò bá lọ sọ ọ́ fúnra mi, àwọn máa lọ sọ ọ́.

Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò jókòó.

"Rólà ìkejì yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "O ní mi ò ní rí ẹ mọ́."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún títí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa lọ. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

Mo fi rọ́bà gidi ṣe rólà mẹ́rin. Mo se méjì nínú ọ́ìlì gbígbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò wú, wọn ò rọ̀. Mo gbé méjì tó kù lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú wọn wọlé láìwo ojú mi.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo gbọ́ pé ó ti to ẹ́ńjìnnì náà tán. Mo lọ sílé wọn, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Ariwo ṣéènì ti tán pátápátá. Wọ́n mú bàbá rẹ̀ jáde. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ sọdá. Wọ́n di ọwọ́ alùpùpù mú, wọ́n kọjú síwájú, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló pa á.

"Mi ò rí géètì," wọ́n ní.

Bàbá ní ẹ́ńjìnnì dára, wọ́n béèrè ẹni tó ṣe rólà rẹ̀. Ọmọ wọn wolẹ̀. Mo rí i pé kò fẹ́ tú àṣírí mi. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni, bàbá. Èmi náà ni mo jẹ́ kó pẹ́ báyìí." Mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá ní kí n dìde. Wọ́n wá bi mí bóyá mo lè gun alùpùpù. Mo ní rárá.

"Lọ kọ́ ọ," wọ́n ní. "Ọ̀nà tó o gbà lọ́wọ́ mi, ìwọ lo máa gbé mi gba ibẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọmọ mi yìí ló máa kọ́ ẹ."

Ọmọ fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá ní àwọn ti sọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò bá mi sọ ju "tẹ̀ ẹ́," "tú u," "rọra" lọ. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé alùpùpù kó tó bi mí bóyá mo ṣèṣe. Ìgbà kẹta, inú òkìtì yanrìn ni mo fi orí wọ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú. Ó wá jókòó tì mí lórí yanrìn náà.

"Oní-rọ́bà, ó dùn mí gan-an ni."

Mo ní mo mọ̀.

"O ò mọ̀. Èmi náà ti ń wá irọ́ tí mo máa fi padà wá. Mo ti fẹ́ sọ pé mo gbàgbé àkísà mi sí ọ̀dọ̀ rẹ. Ká ní o sọ pé kí n máa bọ̀ ni, ojoojúmọ́ ni ǹ bá máa wá."

"Máa bọ̀," mo ní. "Mo fẹ́ràn rẹ. Jọ̀ọ́, máa bọ̀."

Ó gbọn yanrìn kúrò nínú irun mi, ó ní ó ti tó kí n sọ ọ́, olólùfẹ́ òun.

Bàbá mi gbà kí a fẹ́ra, wọ́n ní ó kéré tán, mo ti mọ bí a ṣe ń fi ẹnu sọ̀rọ̀. Bàbá tirẹ̀ ni kò fèsì. Gbogbo ìgbà tó bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ò tíì mọ ọ̀nà tí ọmọbìnrin yẹn ń gbà, kí ọjọ́ Àìkú dé ná. Mi ò sùn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ọjọ́ Àìkú dé. Bàbá jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé èjìká mi, wọ́n ní kí n máa sọ ohun tí mo bá ń rí. Ẹnu mi ò dúró. Mo ní mo rí ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé; wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ kì í gba lẹ́tà láìbú àwọn. Mo ní obìnrin kan ń sá aṣọ; wọ́n ní kí n kí i. Mo ní ajá mẹ́ta sùn lábẹ́ igi ńlá kan. Orí mi ti ń wú, mo rò pé kò sóhun tí mo fi sílẹ̀. Ni ọwọ́ wọn bá fún mi léjìká.

"Ìyàwó wa, rọra. Kòtò wà lẹ́yìn igi yẹn."

Mo tẹ bíréèkì. Kòtò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó jìn dé orúnkún. Omijé ò jẹ́ kí n ríran dáadáa, mo sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún ohun tí wọ́n sọ sọ.

"Èwo, kòtò?"

"Rárá, sà," mo ní. "Èyí tó ṣáájú kòtò."

Wọ́n tún un sọ.